Owó Gbà-Máà-Bínú

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Owó náà wọlé lónìí. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tún fíríìjì ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, wákàtí kan ààbọ̀ ni katapílà fi wó o. Wọ́n fẹ́ fẹ títì. Wọ́n wá fi lẹ́tà ránṣẹ́: owó gbà-máà-bínú, mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Mo gbà á. Mo ṣì ń bínú.

Onígíláàsì — obìnrin tó ń jókòó sídìí tábìlì kẹta ní báǹkì, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò — ní kí n má tíì fọwọ́ kan owó náà. Ó ní, "Bàbá, ẹ kọ́kọ́ lọ kọ gbogbo ohun tí ẹ ní sílẹ̀. Ẹ wá yọ gbogbo gbèsè yín kúrò. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ìyẹn gan-an ni yín." Ìyẹn gan-an ni mí! Ọmọ tí mo lè bí. Mo ra ìwé yìí lọ́nà ilé. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ṣí i, ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde, kì í ṣe iye owó. Kó jáde. Bí mi ò bá sọ ọ́ síbí, ẹnu ni màá fi sọ ọ́ síta, ẹni tí mo bá sì sọ ọ́ sí lára á kó ẹjọ́ wá.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé sùúrù ni baba ìwà. Baba ìwà ò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n wó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo ti kà á.

Owó gbà-máà-bínú — 4,200,000.
Irinṣẹ́ mi gbogbo — 350,000. Mo fẹ́ kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdajì wọn ti dógùn-ún.
Fíríìjì mẹ́ta tí mo tún ṣe tí mi ò tíì tà — 240,000.
Ọkọ̀. Mo kọ 900,000. Mo pe mẹ́káníìkì tó mọ ọkọ̀ náà dáadáa, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Mo pa á rẹ́, mo kọ 500,000.
Ilẹ̀ témi àti Ẹ̀gbọ́n jọ rà ní ọdún kejìlá sẹ́yìn, ìdajì tèmi — 3,000,000. Èyí ló gbà mí sílẹ̀.
Gbèsè: ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, 600,000. Oní-gáàsì, 150,000.

Ó ku 7,540,000.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta. Èmi ni mo jẹ́ kí ìdajì ìlú yìí rí omi tútù mu. Iye mi nìyẹn.

Mo fi han Jẹ́jẹ́ — ìyàwó mi nìyẹn, inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí ohùn rẹ̀. Akọ̀wé ni, ní ọ́fíìsì ilé-ìwé girama kan. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Dádì." Ó dáa bẹ́ẹ̀! Mo ní tìrẹ ńkọ́? Ó ní, "Owó oṣù akọ̀wé, kí ló wà níbẹ̀?" Ó lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́rú, 5

Mo tún un ṣírò. Kò pọ̀ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Olówó-Ọ̀la wá. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, èmi ni mo fún un lórúkọ yẹn: kò lówó lónìí rí, ọ̀la ló máa ń lówó. Imú rẹ̀ ti gbóòórùn owó gbà-máà-bínú. Nǹkan tuntun kan ló mú wá, orí fóònù ni wọ́n ti ń ṣe é, èrè méjìlá lórí ọgọ́rùn-ún lóṣooṣù. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń tà. Ó ní wọn ò ta nǹkan kan, owó ló ń bímọ. Mo ní ta ni bàbá ọmọ? Ó bínú, ó gbé fìlà rẹ̀, ó lọ. Inú mi dùn díẹ̀ pé ẹlòmíì náà lè bínú.

Mo bi Jẹ́jẹ́ pé ibo ni kí n wá fi owó náà sí. "Ibi tí ẹ bá rí i pé ó dáa ni." Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n la ti fẹ́ra, mi ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀ lórí owó. Mo ní ṣé ògiri ni mò ń bá sọ̀rọ̀ ni? Ó ń ká aṣọ nìṣó. Ògiri tiẹ̀ ń dá ohùn padà.

Ọjọ́ Ajé, 10

Báǹkì. Mo jókòó fún wákàtí méjì kí wọ́n tó pè mí. Onígíláàsì to ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀ fún mi. Kí n yá ìjọba lówó: èlé rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n èèyàn á sùn. Kí n ra ìpín nínú ilé-iṣẹ́ ńláńlá: ó lè gòkè, ó lè já, kí n sì gbàgbé rẹ̀ fún ọdún márùn-ún ó kéré tán. Tàbí kí n kọ́ ṣọ́ọ̀bù méjì sórí ilẹ̀ tí mo ti ní, kí n máa gba owó ilé lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ẹ̀kẹta yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti ń fojú inú rí ara mi pẹ̀lú ìwé rìsíìtì lọ́wọ́, tí mò ń kan ilẹ̀kùn èèyàn.

Ó wá ní kí n mú ìwé ilẹ̀ náà wá. Mo ní ó wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ó bọ́ gíláàsì, ó nu ún. "Bàbá, ohun tí èèyàn ò níwèé rẹ̀ lọ́wọ́ kì í ṣe ohun ìní. Ìròyìn ni."

Ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ. Ìròyìn!

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11

Mo pe Ẹ̀gbọ́n. Mo kí i dáadáa, mo kí ìyàwó rẹ̀, mo béèrè iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù tó ń ṣe láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Mo wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ rí ìwé ilẹ̀ wa." Ó ní ìwé náà wà nínú àpótí. Àpótí dà? Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sọnù. Kí n mú oní-kọ́kọ́rọ́ wá? Ó ní kí n ní sùúrù dòpin oṣù. Mo ní ìwé ni mo béèrè, mi ò béèrè ẹ̀yà ara. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ fi mí ṣe olè ni?" Ó pa fóònù.

Mi ò tíì pè é lólè. Òun ló pe ara rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15

Bírò fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé yìí.

Ọ́fíìsì ìjọba tó san owó náà tún ní kí n mú ẹ̀dà rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù wá. Mo wá a nínú dúrọ́ọ̀, kò sí. Mo ṣí àpótí aṣọ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lábẹ́ aṣọ Jẹ́jẹ́, àpòòwé, ó tó ogún. Lẹ́tà láti ilé-iṣẹ́ kan tí èmi gan-an ń rí orúkọ rẹ̀ lára àpò símẹ́ńtì. Wọ́n ń kí onípìn-ín wọn ọ̀wọ́n. Orúkọ ìyàwó mi. Èrè ọdún tó kọjá nìkan: 412,000. Èrè o! Èmi tí mo ń fi ẹnu fa gáàsì jẹun, ẹnì kan ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí símẹ́ńtì ń ṣiṣẹ́ fún.

Mo pè é láti ilé ìdáná. Bí wọ́n ṣe ń pe olè ni mo ṣe pè é. Kí lèyí? Èrè ìpín ni. Ìpín ta ni? Tèmi. Láti ìgbà wo? Ọdún kẹtàlá rèé. Ohùn kan náà tó fi ń béèrè bóyá kóun gbé oúnjẹ wá!

Mo ní ọdún tí mo ta tẹlifíṣọ̀n ká lè san owó ilé, o lówó lọ́wọ́? Ó ní, "Èmi ni mo rà á padà lóṣù kejì, Dádì. Ẹ ò bi mí níbi tí mo ti rówó."

Mo sọ̀rọ̀. Mo sọ̀rọ̀ gan-an. Mo ní kó jáde nílé mi. Ilé àyágbé ni, orúkọ rẹ̀ ló sì wà lórí rìsíìtì owó ilé láti ọdún tó kọjá. Kò rán mi létí. Ó lọ fọ abọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 16

Ó sọ ọ́ láàárọ̀ yìí, bó ṣe ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Kò wojú mi. Ó ní ọdún kẹtàlá sẹ́yìn, òun ní agolo mílíìkì kan tóun ń kó owó ilé-ìwé ọmọ wa sí. Olówó-Ọ̀la wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ adágún ẹja. Mo gba agolo náà. Ẹja kú. Nígbà tóun béèrè owó, mo la rédíò mọ́lẹ̀.

Mo ní mo ti tọrọ àforíjì lórí ìyẹn.

"Ẹ ò tọrọ. Ẹ ra rédíò tuntun."

Ó ní láti ọjọ́ yẹn lòun ti ń ra ìpín díẹ̀díẹ̀, lóṣooṣù, iye owó bàtà kan, nígbà míì kò tó bẹ́ẹ̀. Òun ò tà rí. Owó ilé-ìwé tí mo rò pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún ọmọ wa ní yunifásítì — kò sí ọ̀fẹ́ kankan. Òun ni.

Mo ti fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn yangàn ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ládùúgbò. Pé orí ọmọ náà jọ tèmi.

Ta ló tún mọ̀? Ta ni kò rẹ́rìn-ín?

Ọjọ́ Ajé, 17

A ò sọ̀rọ̀. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, ó dé e. Ọmọ wa pe láti ìlú tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀ ló pè.

Ọjọ́rú, 19

Mo bá ìwé pélébé kan lábẹ́ ife mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé akọ̀wé, gbogbo lẹ́tà dúró ṣánṣán. "Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ tèmi. 18,900,000. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni."

Mo ya á sí méjì. Mo ya á sí mẹ́rin. Iye náà kò dín. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ tèmi ni, mo ti ṣírò rẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mò ń ṣírò.

Ìlà ìkẹyìn yẹn ló dùn mí jù. Mi ò jẹ ẹnikẹ́ni. Ta ló ń bá wí?

Ọjọ́bọ̀, 20

Ó ti tó. Mo ti yan ibi tí màá fi owó mi sí. Ẹ̀gbọ́n ni màá kó gbogbo rẹ̀ fún, sínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀. A ó ra ẹ̀rọ ńlá. Ó kéré tán, ìyá kan náà ló bí wa, kò fi àpòòwé pa mọ́ fún mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kí Jẹ́jẹ́ máa wo símẹ́ńtì rẹ̀, kí èmi máa fi símẹ́ńtì mọ búlọ́ọ̀kù. Ká wo ẹni tó máa ṣe é jù.

Mo mọ̀ pé ìbínú ló ń ṣe ètò yìí. Ó ṣì jẹ́ ètò.

Mo pè é. Mo rò pé yóò fò sókè. Ó kàn ní, "Wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Má mú owó wá."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22

Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ó jókòó síwájú ilé, búlọ́ọ̀kù tútù tò yí i ká, ó ń wọ́n omi sí wọn. Ó ní ká wọlé. Àpótí náà wà lórí tábìlì, kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sọnù rárá.

Ó ní, "Àbúrò, kò sí ilẹ̀ mọ́."

Ó ti tà á lọ́dún kẹsàn-án sẹ́yìn. Ọdún tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Màámi. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ní ilé-ìwòsàn. Èmi kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba àti àádọ́ta wá nígbà yẹn, mo rò pé mo ti san ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ níbi ìsìnkú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, gbogbo ẹbí gbọ́: èmi àti Ẹ̀gbọ́n, ọgbọọgba. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ń to ìwé ilé-ìwòsàn síwájú mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀. Oògùn. Bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ìyẹn nìkan ni mo mọ̀ ọ́n ṣe lóṣù yìí. Gbogbo owó ilẹ̀ ló lọ síbẹ̀, tiẹ̀ àti tèmi, ó sì tún fi tiẹ̀ kún un. Kò jí kọ́bọ̀.

Mo pariwo síbẹ̀síbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ọdún mẹ́sàn-án! Mo ti fi ilẹ̀ yẹn lérí! Ìyàwó rẹ̀ jáde láti yàrá, ó ń ti fèrèsé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kò yára rárá, bí ẹni tó ti mọ iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ìgbà tó dé fèrèsé kẹta ni mo rí i. Nítorí ohùn mi ló ṣe ń tì wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí n parí. Ó ní, "Mo wá sọ ọ́ fún ọ lẹ́ẹ̀mejì. Lákọ̀ọ́kọ́, o ń lé oníbàárà jáde nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, o ń bú onílé. Mo mu omi, mo padà sílé. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti pẹ́ jù. Àwọn àgbà ní àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀. Ọmọ kan ṣoṣo lo bí. Wákàtí mẹ́jọ ni ìrìn ibi tó lọ wáṣẹ́ sí. Ṣé ibi tó sún mọ́ wa ò níṣẹ́ ni?"

Mo dìde. Ó tún ní, "Ìyàwó rẹ mọ̀. Ojú rẹ̀ ni mo ṣe ka owó náà fún dókítà. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ."

Mi ò mọ bí mo ṣe wakọ̀ délé. Mo dúró lẹ́bàá títì fún ìgbà díẹ̀. Ẹnì kan wá kan gíláàsì ọkọ̀ pé ṣé kò sí o. Mo bú u.

Ọjọ́ Àìkú, 23

Ilẹ̀: mo ti pa á rẹ́. 4,540,000. Ìlọ́po mẹ́rin mi ni Jẹ́jẹ́ báyìí, ó tún lé díẹ̀.

Ọdún mẹ́rin ni Màámi lò sí i. Ilẹ̀ náà ló ra ọdún mẹ́rin yẹn. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ń kọ irú rẹ̀ sí nínú ìṣirò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25

Mo lọ sí ọ́fíìsì Jẹ́jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n parí iṣẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá wọ ibẹ̀. Yàrá kékeré, kọ́bọ́ọ̀dù onírin méjì, òǹtẹ̀ mẹ́ta lórí tábìlì, fíríìjì kékeré kan ní igun tó ń dún bí ẹni tó ní ikọ́. Àwọn olùkọ́ tó rí mi dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti gbọ́ nípa mi, ó dájú.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn òbí ń jókòó sí. Mo ní, "Mo ti lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n." Ó ní òun mọ̀, ó ti pe òun. Mo ní, "Kọ́ mi. Bó o ṣe ṣe é. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Màá kọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ mi."

Ó sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí kan. Mi ò mọ̀ pé ó ní ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Bí a ṣe ń pín owó sí ibi púpọ̀ kí ó má baà bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí kì í fi í ra ìpín lọ́jọ́ tí gbogbo èèyàn bá ń rà á. Ilé-iṣẹ́ kan já bọ́, ó pàdánù ìdajì, ó sunkún ní balùwẹ̀, ó tún rà sí i lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo mọ ìdí tí kò fi lè sunkún ní pálọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ẹnu mi ṣí láti dá sí i. Mo ti ẹnu. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, mo já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi ní kó jọ̀ọ́.

Kí a tó kúrò, mo fa fíríìjì wọn kúrò lára ògiri. Kò níkọ́. Ògiri ló ń gbá.

Ọjọ́bọ̀, 27

A dé báǹkì pa pọ̀. Onígíláàsì dìde kí ìyàwó mi! Wọ́n ti mọra láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Ó mọ gbogbo ohun tí mi ò mọ̀ nígbà tó ń sọ fún mi pé ìyẹn gan-an ni mí. Mo wò ó. Ó ń nu gíláàsì rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i: mílíọ̀nù méjì fún ìjọba. Mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó sínú ìpín, ilé-iṣẹ́ mẹ́ta. Gbèsè ẹgbẹ́ àti ti oní-gáàsì, mo san án, kí èmi náà lè ní mi ò jẹ ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó ṣẹ́ kù tí màá fi gba ṣọ́ọ̀bù míì. Màá máa lọ tún fíríìjì ṣe nílé oníbàárà. Ní ọjọ́ ogbó. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ Ẹtì, 28

Mo ní kó jẹ́ kí n wo ìwé rẹ̀. Kì í ṣe iye owó, ìwé náà gan-an. Ó rò ó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ ó gbé e sí ọwọ́ mi, ó sì jókòó sí ìdojúkọ mi.

Ìwé ilé-ìwé lásán, ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Ó pín owó náà sí abala, abala kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. "Ilé-ìwé Ọmọ" — ó fa ìlà pupa sí i, ó ti parí. "Àìsàn." "Ọjọ́ Ogbó Àwa Méjèèjì." Mo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì. Àwa méjèèjì. Láti ọdún mẹ́tàlá wá.

Mo ṣí abala tó kẹ́yìn. Òun ló nípọn jù. 7,300,000. Orúkọ rẹ̀: "Ọjọ́ Tí Ó Bá Ní Kí N Jáde."

Ọjọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó kọ̀ọ̀kan. Mo mọ àwọn ọjọ́ náà. Ọjọ́ tí mo pariwo, òun a fi díẹ̀ kún un ní ọjọ́ kejì. Èyí tó kẹ́yìn: 16 Oṣù Kẹta. Èmi ni mò ń bù sínú abala yìí láìmọ̀, mo sì ń bù ú dáadáa.

Mo ní kó yí orúkọ yẹn padà. Ó ní rárá. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ó ní owó náà ò pa ẹnikẹ́ni lára níbi tó wà, ó ń gba èlé. Ó ní bó bá pé ọdún márùn-ún tí òun ò fi nǹkan kan kún un, àwa méjèèjì á fi kọ́lé. Mo ní bí kò bá wá pé ńkọ́?

"Èmi nìkan á fi kọ́lé, Dádì."

Ó dìde, ó ń kó abọ́. Inú ń bí mi. Ó ń hó nínú mi bó ṣe máa ń hó. Mo wo yàrá káàkiri láti wá ẹni tí màá bínú sí. Ẹnì kan ṣoṣo ló jókòó síbẹ̀, òun náà ló sì di ìwé náà mú.